Géèmù Tó Ń Fò àti Géèmù Tó Ń Sọ̀rọ̀: Ìdí Tí Ọ̀kan Fi Dé Ìwó Tí Èkejì Kò Fi Dé

Ní Sátidé kan lọ́dún 1992, bàbá mi wá mi dé ilé géèmù kan tí kò jìnnà sí ọjà Odò-Orí nílùú Ìwó. Olùkọ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n kò mú pàṣán dání lọ́jọ́ náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwa ọmọdé bíi mẹ́wàá tí a kóra jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, ó wo ọkùnrin onírunmú tó dé fìlà pupa, tó ń sáré, tó ń fò láti orí bíríkì kan bọ́ sí orí òmíràn. Nígbà tí a délé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: “Láti àárọ̀ tí o ti jókòó síbẹ̀, kí ni ẹ̀rọ náà sọ fún ọ?” N kò rí èsì fọ̀. Lóòótọ́, ẹ̀rọ náà kò sọ nǹkan kan fún mi.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí tí bàbá mi ti bi mí ní ìbéèrè yẹn, ó sì tún padà wá sí mi lọ́kàn láìpẹ́ yìí bí mo ṣe ń gbọ́ àríyànjiyàn tó ń lọ láàárín àwọn òbí. Àwọn kan ní géèmù ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́. Àwọn mìíràn ní ó ń là wọ́n lọ́pọlọ. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ìhà méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni géèmù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Bí ìwé ṣe pín sí ìtàn, ewì àti eré-onítàn, bẹ́ẹ̀ náà ni géèmù pín sí ẹ̀yà. Méjì nínú àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ìtàn wọn nílẹ̀ wa ní ẹ̀kọ́ tó ju eré ọmọdé lọ.

Èkínní ni géèmù fífò: o ń sáré, o ń fò kòtò, o ń sá fún ọ̀tá, bí o bá ṣìṣe, o kú, o tún bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni èyí tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní RPG, tí èmi yóò máa pè ní géèmù ìrìn-àjò. Nínú èyí, ẹni tó ń ta géèmù gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀. Ó di ọmọ ọba, ó di ọdẹ tàbí jagunjagun, ó ń kó ẹgbẹ́ jọ, ó ń bá ará ìlú fọ̀rọ̀ wérọ̀, agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ìtàn gígùn kan sì ń tú jáde bí ó ti ń lọ. Géèmù fífò dé Ìwó, gbogbo ọmọdé ìgbà tiwa ló mọ̀ ọ́n. Géèmù ìrìn-àjò kò dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ló fà á?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àkókò náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ògún ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ láti ara Ọ̀yọ́. Ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ lọ́dún 1986 ti sọ náírà di yẹpẹrẹ, owó oṣù olùkọ́ kò sì tó í gbọ́ bùkátà, áḿbọ̀sìbọ́sí kí ó ra ẹ̀rọ géèmù láti Jàpáánù. Ilé-iṣẹ́ Nintendo ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Famicom jáde ní Jàpáánù lọ́dún 1983. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ayédèrú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń rọ ní Taiwan àti Ṣáínà, tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì ni a ń pe ohun tí wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì kan sì lè ní ọgọ́ọ̀rọ̀ géèmù nínú. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ kan àti tẹlifíṣọ̀n kan ti di oníṣòwò nìyẹn.

Ní ilé géèmù tí mo ń sọ yìí, náírà kan ni ẹ̀mí mẹ́ta. Bí ẹ̀mí rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti tán, o dìde fún ẹlòmíràn. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú ìṣirò yìí. Onílé géèmù kò fẹ́ kí o pẹ́ lórí ìjókòó. Bí o bá ṣe tètè kú tó ni owó ṣe ń wọlé fún un tó. Géèmù fífò sì nìyí, ikú inú rẹ̀ kì í pẹ́ dé. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tún wà níbẹ̀. Ilé géèmù náà kò ní jẹnẹrétọ̀. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, gbogbo wa á pariwo, a ó sì tú ká. Ohun tí a pàdánù kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ní ọ̀la, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó ń sunkún.

N kò sọ èyí láti bu géèmù fífò kù o. Iṣẹ́ ọnà gidi ni. Shigeru Miyamoto àti Takashi Tezuka ni aṣáájú nínú àwọn tó ṣe Super Mario Bros., èyí tó jáde lọ́dún 1985. Gbogbo géèmù náà lódindi kò ju 40 kilobyte lọ. Àwòrán ẹyọ kan ṣoṣo tí fóònù òde òní ń yà lè ju ìlọ́po àádọ́ta rẹ̀ lọ. Nítorí pé àyè kò sí, àwọn tó ṣe é ní láti ṣẹ́ nǹkan lò bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣẹ́ epo lò nígbà ọ̀wọ́n. Ìkùukùu tó wà lójú ọ̀run nínú géèmù náà àti igbó tó wà nílẹ̀, àwòrán kan náà ni wọ́n. Àwọ̀ ni wọ́n pààrọ̀: wọ́n kun ti òkè ní funfun, wọ́n kun ti ilẹ̀ ní àwọ̀ ewé. A wò ó fún ọdún púpọ̀, a kò fura.

Èyí tó tún wú mi lórí jù ni bí géèmù náà ṣe ń kọ́ni láìsọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ìpele èkínní, ọ̀tá kékeré kan ń rìn bọ̀ wá bá ọ. Bí o kò bá fò, o kú. Bí o bá fò, ó ṣeé ṣe kí o bọ́ lé e lórí, ó sì fọ́ pẹ́tẹ́. O ti kọ́ ẹ̀kọ́ méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lẹ́yìn náà, o fi orí kan bíríkì, olú kan jáde, ó ń yí lọ, ó kọlu páìpù, ó sì padà sọ́dọ̀ rẹ. Wọ́n to àwọn bíríkì ibẹ̀ lọ́nà tí yóò fi ṣòro fún ọ láti yẹra fún olú náà, kí o lè mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀tá. Kò sí àkọlé níbẹ̀, kò sí olùkọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè Jàpáánù, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò tí ì mọ ìwé kà pàápàá, yóò mọ̀ ọ́n ta. Èyí gan-an ló jẹ́ kí ó lè rin ìrìn-àjò láti Kyoto dé Odò-Orí láìsí ògbufọ̀.

Géèmù ìrìn-àjò kò rí bẹ́ẹ̀. Orí tábìlì ló ti ṣẹ̀, kì í ṣe inú ẹ̀rọ. Lọ́dún 1974 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, gbé Dungeons & Dragons jáde. Ìwé, pẹ́ńsù àti ọmọ ayò olójú púpọ̀ tí wọ́n ń jù sílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹnì kan yóò máa sọ ìtàn, àwọn tó kù yóò máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú ìtàn náà. Lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n kó o wọ inú ẹ̀rọ. Ní Jàpáánù, Yuji Horii ṣe Dragon Quest lọ́dún 1986, Hironobu Sakaguchi sì ṣe Final Fantasy lọ́dún 1987. Àwọn géèmù wọ̀nyí kì í tán lọ́jọ́ kan. Ó lè gba èèyàn ní ogún wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rí òpin ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kíkà ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun mẹ́ta ló sé ọ̀nà mọ́ irú géèmù bẹ́ẹ̀ nílùú wa. Èkínní ni iná. Géèmù tó gba ogún wákàtí gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí yóò fi rántí ibi tí o dé. Nínú Dragon Quest àkọ́kọ́ ní Jàpáánù, ọ̀rọ̀ àṣírí alámì ogún ni wọ́n ń fún òṣèré láti kọ sílẹ̀, kí ó lè tẹ̀ ẹ́ padà bí ó bá dé lọ́jọ́ mìíràn. Final Fantasy ní tirẹ̀ ní bátìrì kékeré kan nínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ń tọ́jú ìrántí. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú tiwa kò ní irú bátìrì bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ, ìrìn-àjò parí nìyẹn. Èkejì ni owó. Onílé géèmù wo ló máa fi ìjókòó kan sílẹ̀ fún ọmọ kan fún wákàtí mẹ́ta, kí ó máa bá baálẹ̀ abúlé kan sọ̀rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, tí àwọn ọmọ mẹ́sàn-án mìíràn di náírà kọ̀ọ̀kan mọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹ̀kẹta ni èdè. Mo rántí ọjọ́ kan tí onílé géèmù wa ki kásẹ́ẹ̀tì tuntun kan bọ inú ẹ̀rọ. Ojú tẹlifíṣọ̀n kún fún àmì tó dà bí ibi tí adìyẹ ti fi ẹsẹ̀ walẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré kan dúró sáàárín, kò fò, kò sáré. A tẹ bọ́tìnì, àmì mìíràn tún kún ojú rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ títí, a kò rí ọ̀tá kankan. Gbogbo wa ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ẹ yọ ọ́! Ẹ yọ ọ́!” Ó sì yọ ọ́. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí n tó mọ irú ohun tí a lé dànù lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ kan fẹ́ sọ̀rọ̀, a kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí nìyí. Nínú ẹ̀yà géèmù méjèèjì, èyí tí kò dé ọ̀dọ̀ wa ló jọ ohun tí a ti ní nílé tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún 1938 ni ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde. Ẹni tó bá ti kà á yóò rántí pé ọba rán Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò sì dá lọ. Àwọn akọni méje ni wọ́n jọ lọ, tí oníkálukú sì ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Kàkó ní agbára àti kùmọ̀. Ìmọ̀dóyè ní ọgbọ́n. Olóhùn-iyọ̀ ní orin lẹ́nu. Ọfà Ẹ̀fọ́ìyẹ kì í tàsé. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ̀-Ọdẹ gbọ́ èdè àwọn ẹranko. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n ń pàdé ewu, ewu kọ̀ọ̀kan sì ń béèrè ẹ̀bùn ẹnì kan pàtó. Ibi tí kùmọ̀ kò bá ti ràn, orin lè ràn án. Nígbà tí wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni wọ́n jókòó gbọ́ fún ọjọ́ méje lẹ́nu Ìràgbèje.

Ẹ wá fi èyí wé Final Fantasy ọdún 1987, níbi tí òṣèré ti ń yan akọni mẹ́rin: ọ̀kan lè jẹ́ alágbára, ọ̀kan olóògùn tó ń wo ọgbẹ́ sàn, ọ̀kan olóògùn tó ń fi iná jà, kí wọ́n lè ran ara wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ìlànà kan náà ni. N kò ní kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ sí pé wọ́n jí i lọ́dọ̀ wa. Ìtàn ìrìn-àjò akọni wà káàkiri ayé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni Fágúnwà fi ṣáájú, àti pé gbogbo ọ̀nà mìíràn ni ìtàn náà ti gbà. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968. Wálé Ògúnyẹmí sọ ọ́ di eré orí ìtàgé tó pè ní Langbodo, èyí tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ níbi FESTAC ní Èkó lọ́dún 1977. Ìwé ti gbà á, ìtàgé ti gbà á. Ẹ̀rọ géèmù ló kù.

Kì í sì í ṣe Fágúnwà nìkan. Ìtàn alẹ́ àwọn ìyá wa, ẹni tó ń pa àlọ́ kò lè dá a pa. Àwọn tó jókòó gbọ́dọ̀ dáhùn, wọ́n gbọ́dọ̀ gbe orin, kí ìtàn tó lè tẹ̀ síwájú. Ayò ọlọ́pọ́n pàápàá, tó jẹ́ ilé méjìlá àti ọmọ méjìdínláàádọ́ta lásán, kì í ṣe eré ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀ta ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn òǹwòran ń pòwe, ẹni tó bá jókòó tì wọ́n láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́ kò ní ṣàì kó ọ̀rọ̀ dání relé. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìbéèrè bàbá mi ti wá. Inú ayé tí eré ti ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó rí ọmọ rẹ̀ níwájú eré tí kò fọhùn, ó sì yà á lẹ́nu.

Nígbà tí fóònù alágbèéká gbilẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tiwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe géèmù. Ọdún 2012 ni Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún náà ni Abíọ́lá Ọláníran, tó kàwé nípa ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ìpínlẹ̀ wa níbí, dá Gamsole sílẹ̀. Gamsole ló ṣe Gidi Run. Orí fóònù Windows ni Gamsole ti kọ́kọ́ rọ́wọ́ mú, àìmọye èèyàn ló sì gba géèmù rẹ̀ sórí fóònù wọn. Ẹ ṣàkíyèsí irú géèmù tí ó jẹ́: sísáré àti fífò. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kó yà wá lẹ́nu. Bátìrì fóònù ń tán, dátà wọ́n, inú mọ́tò ni ẹni tó ń ta á wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Odò-Orí ló tún ṣẹlẹ̀ lórí fóònù: ìnira ló ń yan irú géèmù tí a ó ṣe fún wa.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2019, Microsoft ti ilé-ìtajà géèmù fóònù Windows 8.1 pa pátápátá. Ohun tó bá wà níbẹ̀ nìkan, kò ṣeé gbà mọ́. Ẹni tó bá dáko sórí ilẹ̀ onílẹ̀ kò mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ní kí ó kó ẹrù rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti wá gbójú gbóyà ṣe géèmù ìrìn-àjò ni Kamẹrúùnù tó wà ní ìtòsí wa. Olivier Madiba ti ní èrò náà láti ọdún 2003. Ìparí ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Kiro'o Games, ṣílẹ̀kùn ní Yaoundé. Ní 2015, wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn aráyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì rí iye tó lé ní 40,000 owó Euro. Ní ọjọ́ 14 oṣù Igbe ọdún 2016, Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde. Ìtàn ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Enzo ni, ẹni tí àna rẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó yẹ kí wọ́n fi í jọba, ọjọ́ náà sì ni ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Òun àti Erine aya rẹ̀ jọ lọ sí ìgbèkùn, wọ́n ń kiri ayé láti wá agbára tí àwọn baba ńlá wọn fi sílẹ̀. Ọgbọ́n ìgbékalẹ̀ rẹ̀ wú mi lórí: aya kì í ṣe ẹni tí wọ́n jí gbé, tí ọkọ ń lọ gbà sílẹ̀ bíi ti Mario. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú ìjà àti nínú ìmọ̀ràn. Èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni géèmù náà ń sọ.

Bí a bá ní owó àti ẹ̀rọ ni kò sí, ẹ jẹ́ kí a rántí Ọ̀pọ́n Ìmọ̀. Lọ́dún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í pín kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga. Ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ni ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Iṣẹ́ tó dára ni, n kò tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹ̀rọ lè dé ọwọ́ ọmọ Ọ̀ṣun bí a bá pinnu. Ohun tí a ó fi sínú ẹ̀rọ náà ni a kò tí ì jókòó rò dáadáa. A fi ìdánwò sí i. Bí a bá fi Láńgbòdó náà sí i ńkọ́?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán ni mò ń sọ. Ilé géèmù ṣì wà ní Ìwó, ní Òkè-Àdán àti Gídígbò. Géèmù bọ́ọ̀lù ló gbòde níbẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ sì ti ń fi owó ta á láàárín ara wọn. Láti ibẹ̀, ìsọ̀ tẹ́tẹ́ kò jìnnà. Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá lè ka orúkọ akọni géèmù ilẹ̀ Jàpáánù bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìmí. Mo bi í pé ta ni Kàkó. Ó bi mí padà pé ṣé ọmọ kíláàsì òun ni. Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe òun. Ìwé náà wà nílé, mo fi sórí pẹpẹ.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a ṣe kò kọjá agbára wa. Yunifásítì Bowen wà nílùú yìí láti bí ogún ọdún ó lé, wọ́n sì ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Àwọn àgbà tó mọ àlọ́ àti ìjálá ṣì wà láàyè nínú agbo ilé wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé. Kí wọ́n ṣe géèmù ìrìn-àjò kékeré, tí apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nítorí ọ̀rọ̀ iná, tí yóò máa rántí ibi tí ọmọ dé fúnra rẹ̀, tí kò ní béèrè dátà lẹ́yìn tí a bá ti gbà á. Kí ó máa sọ̀rọ̀ Yorùbá ketekete, ní ohùn èèyàn gidi, kí ọmọ tí kò lè ka àmì ohùn lè gbọ́ ọ. Kí òwe jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tí ó ń ṣílẹ̀kùn nínú rẹ̀, bí idà ṣe ń ṣe é nínú tàwọn ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ bíbí ìlú Ìwó tó ń fi owó ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ayé ló mọ Ìwó mọ ọ̀dídẹrẹ́. Ẹyẹ náà gbọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ ni ó ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Bàbá mi ti di ará ọ̀run lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Mo ti sọ ìwé Fágúnwà náà kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, èmi àti ọmọ mi ń ka ojú ewé mẹ́ta lálẹ́, bí iná bá wà tàbí bí kò sí. Àná ni a dé ibi tí Kàkó ti jáde. Ọmọ náà ní kí n dúró ná, ó ní, “Bàbá mi, ṣé èèyàn lè fi Kàkó ta géèmù?” Mo ní kò tí ì ṣeé ṣe. Ó ní kí ló dé.

Mo gbé ìbéèrè rẹ̀ síwájú yín.